Láti Ọ̀rányàn dé UCH: Ojú Ọ̀nà Ẹni Tí Ìrora Kò Fi Lọ́rùn Sílẹ̀

Lọ́dún 1998, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ JAMA gbé ìwádìí kan jáde tí Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí iṣẹ́ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ṣètò rẹ̀ ní ibùdó 15 káàkiri orílẹ̀-èdè 14. Wọ́n bi àwọn tó wá rí dókítà, ohun yòówù kó gbé wọn wá, bóyá ìrora kan wà lára wọn tó ti lé lóṣù mẹ́fà tí kò lọ. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ibùdó pọ̀, 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti Chile ló pọ̀ jù, 33. Ti Ìbàdàn ló kéré jù lọ: 5.5.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò Ọ̀rányàn n'Íbàdàn yóò ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Agboolé wo lèèyàn yóò wọ̀ láàrin Ọjàaba sí Bẹẹrẹ tí kò ní bá ìyá kan tó ń di ìbàdí mú kó tó dìde, tàbí bàbá kan tó ń fọwọ́ ti orúnkún bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn? Àwọn obìnrin tó ti ń forí ru èlùbọ́ àti gàrí láti kékeré ńkọ́? Àwọn alágbàṣe tó ń já ẹrù lára ọkọ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ń jókòó sórí alùpùpù láti òwúrọ̀ dalẹ́ lójú títì tó kún fún kòtò, ara ta ni kò ro nínú wọn?

Síbẹ̀, mi ò rò pé irọ́ ni iye náà. Àwọn tó ti dé iwájú dókítà ni wọ́n kà. Ẹni tí orúnkún ń dùn ní Ọ̀rányàn, ọ̀dọ̀ dókítà kọ́ ló kọ́kọ́ ń forí lé, ọ̀pọ̀ kì í sì í débẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí à ń gbà kíra wa náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí dókítà bá ní "Ẹ ǹlẹ́ mà, ṣé ara le?", kó tó pa ẹnu dé ni ìyá yóò ti dáhùn pé "A dúpẹ́, ara ò ṣe nǹkan." Wọ́n á sọ̀rọ̀ ibà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á kọ oògùn. Ìgbà tí ìyá bá ń múra àtidìde lórí àga ni yóò wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àwàdà: "Ẹ̀yìn mi yìí náà tún wà ńbẹ̀ o, dókítà." Nígbà yẹn, wọ́n ti pe orúkọ ẹlòmíràn.

Ilé ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrí tí wọ́n yọ́ lórí iná, omi gbígbóná àti aṣọ ìnura, ọmọ kékeré tí bàbá àgbà ní kó gun òun lẹ́yìn, kó máa rìn láti ìbàdí dé èjìká. Àwọn tó kàwé a máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall gbé àbá kan kalẹ̀ tó yí ìmọ̀ ìrora padà: pé ìròyìn ìrora kì í gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn lọ tààrà sí ọpọlọ, pé ohun kan wà lójú ọ̀nà tó lè dín in kù tàbí kó fi kún un, àti pé ìfọwọ́ra wà lára ohun tó ń dín in kù. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ti tún ọ̀pọ̀ nínú àbá náà ṣe, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yẹ̀. Ọmọ tó ń rìn lẹ́yìn bàbá àgbà ń ṣe iṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ náà kàn kì í pẹ́ lára ni.

Bí òrí kò bá tó, Alábùkún ló kàn. Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́búlẹ́bú náà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, títí di òní ó ṣì wà lórí àtẹ ìsọ̀ kéékèèké. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjà Bódè, níbi tí àwọn lẹ́kulẹ́ja pọ̀ sí jù nílùú yìí, gbòǹgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní ìpẹta. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ gbé e símú, òórùn báàmù tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ ló máa ta sí yín nímú. Kò yani lẹ́nu, torí pé ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní methyl salicylate, ẹbí aspirin sì ni. Ìyá tó fi báàmù para láàárọ̀, tó mu àgbo oní-ìpẹta lọ́sàn-án, tó wá da Alábùkún sẹ́nu lálẹ́, lójú ara rẹ̀ oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lò. Inú ikùn rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aspirin a máa jẹ ara ikùn, ó sì lè mú kó ṣẹ̀jẹ̀. Ìpẹta fúnra rẹ̀ lóró bí wọ́n bá mu ún lámujù, ohun tí àwọn àgbà oníṣègùn mọ̀ dáadáa tí àwọn tó ń rọ ọ́ sínú ike lójú títì lè máà mọ̀.

Àwọn alágbo ní tiwọn kì í dúró de oníbàárà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti gbé igbá rù, ìgò àti ike onírúurú nínú rẹ̀: ti ibà, ti àtọ̀sí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ti jẹ̀díjẹ̀dí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé nínú àlàyé tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin nílùú yìí ní fún ìbàdí tó ń ro wọ́n, jẹ̀díjẹ̀dí ni baba ọ̀ràn. Ohun dídùn ló fà á, wọ́n á ní: ṣúgà, mílíìkì, mínírà. Ó gba ìdí wọlé, ó gun ẹ̀yìn, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Nítorí náà, ohun kíkorò ni yóò lé e. Ọkùnrin náà á mu ún, yóò yàgbẹ́ títí, ara á fúyẹ́, ẹ̀yìn á sì dẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Dókítà yóò sọ fún un pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹnu ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì bá eegun ẹ̀yìn ṣe pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn nìkan kò tíì ṣàlàyé ìdí tí àgbo fi "ṣiṣẹ́". Ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́ kì í dúró lójú kan. Ó ń le, ó ń rọ̀. Ìgbà tó bá le jù ni èèyàn ń sáré wá oògùn, ẹ̀yìn ìgbà tó bá sì le jù ni yóò rọ̀, oògùn wà, oògùn kò sí. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu onítọ̀hún lọ́jọ́ yẹn ni yóò gba ìyìn. Bí ó ṣe rí fún àgbo náà ló rí fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà ní kílíníìkì, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín síbàdí. Èyí tí mo kórìíra jù nínú àwọn ìgò yẹn ni èyí tí wọ́n fi ọtí líle rẹ. Ẹni tó bá ń fi páragà pa ìrora lójoojúmọ́ ti ní ìṣòro méjì.

Kẹ́míìsì wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo rò pé ewu pọ̀ sí jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ojúlé tó rọrùn jù láti wọ̀. Kò sí káàdì rírà, kò sí ìlà títò, ọmọ tó wà ńbẹ̀ mọ orúkọ ẹni. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi po oògùn ara ríro." Yóò ṣí ike bíi mẹ́rin, yóò ka hóró sínú lailọ́ọ̀nù kékeré, funfun, pupa, òfeefèé, kò ní kọ orúkọ kankan sí i. Èèyàn kò mọ ohun tó gbé mì. Diclofenac tàbí piroxicam sábà máa ń wà ńbẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan wọn kò burú, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́fà lára àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, prednisolone tàbí dexamethasone ló wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa ṣe bí idán: ìyá tí kò lè dìde láàná yóò lọ sọ́jà lónìí. Kò ní í pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí ojú rẹ̀ yóò rí roboto, àwọn ará àdúgbò á sì máa kí i: "Ìyá, ẹ mà ń gbádùn o, owó ti wọlé." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oògùn ló wú u. Nínú lọ́hùn-ún, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè, eegun tí à ń tọ́jú ń di ẹlẹgẹ́. Bó bá sì pẹ́ lórí rẹ̀ tó wá dá a dúró lójijì, ara lè dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé ó ti gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe irú èròjà náà fúnra rẹ̀.

Ti tramadol, oògùn ìrora líle, kò ní gùn lẹ́nu mi. Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé, tí gbogbo ìlú sì ń pariwo tramadol pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi gbádùn ara wọn ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Wọn kò sọ púpọ̀ nípa alágbàṣe àti ọlọ́kadà tó ń lò ó kí ara lè gba iṣẹ́ òòjọ́ mọ́ra. Onírora làwọn yẹn, kì í ṣe aláfẹ́.

Lọ́dọ̀ ààfáà tàbí wòlíì, ìbéèrè yàtọ̀. Kẹ́míìsì ń bèèrè pé níbo ló ti ń dùn yín. Ibí ń bèèrè pé nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta lẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀, kí lẹ lá lálá. Omi hàǹtú tàbí òróró àdúrà kò lè tún orúnkún tó ti jẹ ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó ti aláìsàn, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò wo aago. Nínú ìwádìí ọdún 1998 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́rin súnmọ́ àìsàn ìrònú tàbí ti ìpayà ju àwọn tí kò ní ìrora lọ. Ẹni tó bá gbọ́ wọn tán ti tọ́jú apá kan nínú rẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ di ti owó tó gbà àti àkókò tó fi dá wọn dúró.

Ó wá di ilé ìwòsàn. Láti Ọ̀rányàn, èèyàn á wọ Mícrà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Bẹẹrẹ, á gba Yemẹtu kọjá níwájú ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, á sì jáde sí UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí síbi tó wà yìí lọ́dún 1957. Ọ̀nà náà kò jìn. Ohun tó wà lẹ́yìn géètì ló gùn: káàdì, ìlà, ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn, àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó lọ ṣe kó tó padà wá, àpò ara rẹ̀ ló sì máa fi san púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tí ìbàdí ń ro, bẹ́ńṣì tí yóò jókòó lé láti aago méje fúnra rẹ̀ ìyà ni. Nígbà tó bá sì dé iwájú dókítà, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ni "Màmá, àgbà ló dé." Ká má parọ́, dókítà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè ní ọgbọ̀n èèyàn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá gbọ́ ni pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó tún gba ojúlé kẹ́míìsì lọ.

Fọ́tò eegun náà ń fi kún ìdààmú. Aláìsàn gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti ya eegun, òótọ́ yóò hàn. Lọ́dún 2015, àwọn oníwàádìí kan kó iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe jọ lórí àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, tí wọ́n sì ya ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú MRI tàbí CT. Nínú àwọn ọmọ ogún ọdún, 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwo rírọ̀ tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, 96. Kò sì dùn wọ́n. Ìyẹn ni pé fọ́tò lè burú kí ara má dùn, fọ́tò sì lè dára kí ìrora má jẹ́ kéèyàn sùn. Aláìsàn tí fọ́tò rẹ̀ dára ni ìyà ń jẹ jù, torí pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó ń díbọ́n.

Kò díbọ́n. Bí ìrora bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, iṣan tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ àti ọpọlọ tó ń gbà á lè ti yí padà. Ẹ ro ti ajá ilé tí olè wọlé lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: olè ti lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí baálé ilé fúnra rẹ̀ bá wúkọ́, gbígbó ni. Títọ́jú ọgbẹ́ nìkan kò lè tu irú ìrora bẹ́ẹ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fún ìrora pípẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, MG30, nínú ìwé orúkọ àrùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Ó wá di àrùn tí dókítà lè kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn tí èyí tètè yé jù, lójú tèmi, làwọn onífísíò. Láti àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ bí orúnkún àti ìgbaròkó tó ti jẹ ṣe ń da èèyàn láàmú, wọ́n rí i pé ìwé ìbéèrè tó ti ìlú òyìnbó wá kò tó, wọ́n sì ṣe tiwọn, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Ìbàdàn tí wọ́n ń gé kúrú sí IKHOAM. Ìdí wà fún un. Ní Ọ̀rányàn, orúnkún kì í ṣe ti ìrìn nìkan. Obìnrin ń fi í kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Mùsùlùmí ń fi í kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹ wo iye àga tó ti wà níwájú nínú mọ́ṣáláṣí fún àwọn tí kò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ṣálángá ló wà nílé rẹ̀, níbi tí kò sí ohun tí yóò fọwọ́ dì mú. Onífísíò tó bá béèrè pé "Kí lẹ fẹ́ kí orúnkún yìí tún lè ṣe fún yín, mà?" ti béèrè ohun tó ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí. Eré ìdárayá tó ń mú iṣan itan le, tí wọ́n ń ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a máa ran orúnkún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó nira láti tà á fún ẹni tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì gbà pé ìsinmi ni oògùn ìrora.

Àwọn kan wà tí eré ìdárayá kò kàn wọ́n báyìí. Ọmọ tí arọmọléegun dì mú ní òru, tó mọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́, tó sì dárúkọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì: lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fura sí i pé ó ti di bárakú fún un. Kí ló yẹ kó ṣe, kó díbọ́n pé òun kò mọ̀ ọ́n? Fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ìlú yìí ti ń gbìyànjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ní UCH, wà lára àwọn tó dá ibùdó ìtọ́jú aláìsàn líle sílẹ̀ n'Íbàdàn, Centre for Palliative Care. Ọ̀nà tí Dókítà Anne Merriman là ní Uganda láti ọdún 1993 wà níwájú wọn: kí wọ́n po morphine lẹ́búlẹ́bú mọ́ omi, kí aláìsàn máa mu ún nílé lówó pọ́ọ́kú.

Ẹni tó bá ti wọ gbogbo ojúlé wọ̀nyí, ohun kan wà tó yẹ kó gbé dání lọ sọ́dọ̀ dókítà: ohun gbogbo tó ti lò. Kó má fi àgbo pa mọ́, kó mú lailọ́ọ̀nù kẹ́míìsì lọ, kó sì sọ ìrora ẹ̀yìn kó tó sọ ti ibà. Kó sọ bó ṣe rí pẹ̀lú, bóyá ó ń ro, bóyá ó ń ta bí iná, bóyá ẹsẹ̀ ń kú tipiri; èyí tó ń ta bí iná tó sì ń sáré dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti iṣan tó ń gbé ìròyìn, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Ti owó ọkọ̀ àti ìlà ńkọ́? Lọ́dún 2013, Adesola Odole àti ẹnìkejì rẹ̀, onífísíò ni wọ́n nílùú yìí, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àádọ́ta èèyàn tí orúnkún wọn ti jẹ, wọ́n pín wọn sí méjì. Apá kan ń wá sí kílíníìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá kejì jókòó sílé, onífísíò ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń darí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ìdárayá kan náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ìrora àwọn méjèèjì ti dín kù, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàrin ẹni tó wọ ọkọ̀ àti ẹni tí wọ́n pè.